Ìgbọ̀nwọ́ Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀, ẹni tí dátà rẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kó yáa fi í sílẹ̀ di alẹ́. Àwọn kan nínú yín rí fọ́tò ọkọ̀ pákó kékeré tó wà lórí tábìlì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹ sì ń béèrè pé ṣé Dádì ti di káfíńtà ni. Rárá o. Káfíńtà gidi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a máa tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá kan nínú ìjọ wa, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mú páálí kan wá fún wa. Ọmọ náà rà á níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù. Páálí ọ̀hún ti gbó, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwòrán ọkọ̀ Nóà ló wà lójú rẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn igi tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n fi ṣe egungun ìhà ọkọ̀, àwọn ẹranko tí wọ́n gbẹ́, àti ìwé tó ń sọ bí ènìyàn ṣe máa fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi di ọkọ̀. Òyìnbó àgbà máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. A ní ó dáa, a ó tò ó fún àwọn ọmọ Sunday School.

Ẹ ò lè mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe dùn tó. Lálẹ́, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ó wọ ṣòkòtò kúkúrú, a ó tan iná, a ó máa fi sáńpépà fá pákó. Mummy ń ráhùn pé ìyẹ̀fun igi ti wọ inú ọbẹ̀. A ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi to egungun rẹ̀, ó sì rẹwà lójú wa.

Ìgbà tí a fẹ́ kọ káàdì tí a máa lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ ni wàhálà dé. A ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 6, ẹsẹ 15, ká lè kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: 300 ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, 50 ní ìbú, 30 ní gíga. A wá ní ká fi rúlà wọn èyí tó wà níwájú wa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Bí gígùn bá jẹ́ 45, ìbú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 7.5, gíga rẹ̀ 4.5. Ìbú rẹ̀ 19! Gíga rẹ̀, pẹ̀lú ilé tó wà lórí rẹ̀, 21! A tún un wọ̀n. A wọ dígí, a tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.

Láti ibẹ̀ ni ojú wa ti là. Ìwé páálí ní ká ṣe ìtukọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ àti òpó ìgbòkun sáàárín. Bíbélì ò sọ̀rọ̀ ìtukọ̀, kò sọ̀rọ̀ ìgbòkun, nítorí ọkọ̀ yẹn ò ń lọ ibì kankan, kó sáà ti léfòó ni. Àjà kan ṣoṣo ni páálí ṣe, Bíbélì ní mẹ́ta. Iwájú ni páálí fi ilẹ̀kùn sí, Bíbélì ní ẹ̀gbẹ́. Méjì méjì ni gbogbo ẹranko inú páálí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ́ ju méjì lọ. Àgùnfọn inú rẹ̀ ló wá pa wá lẹ́rìn-ín jù. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6. Tí a bá fi ìwọ̀n ọkọ̀ náà ṣírò rẹ̀, àgùnfọn yẹn ga tó mítà 18, ọkọ̀ Nóà fúnra rẹ̀ ò sì ju mítà 13 àti ààbọ̀ lọ. Àgùnfọn ló yẹ kó gbé Nóà kọjá omi!

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ka ibi tí Ọlọ́run ti ní kí Nóà fi ọ̀dà kun ọkọ̀ náà nínú àti lóde, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé là ń rò. Lọ́kàn wa, ọkọ̀ Nóà pupa, ó ní ìlà funfun. Àwọn bàbá wa tó ń pe ọ̀nà ní títì ọlọ́dà ló mọ ohun tí wọ́n ń kà. Ohun dúdú tí kì í jẹ́ kí omi wọlé ni.

À ń rẹ́rìn-ín àgùnfọn yẹn lọ́wọ́ ni ẹ̀rín dédé gbẹ lẹ́nu wa, torí a rántí ẹnì kan.

Ní ọdún 2011, a fẹ́ ṣe àjọ̀dún àwọn ọmọdé. A gbé iṣẹ́ ọkọ̀ Nóà tí a máa fi sórí pèpéle fún bọ̀dá kan tó jẹ́ káfíńtà nínú ìjọ. Ó jù wá lọ ní ọdún bíi mẹ́fà. A fún un ní àwòrán tó wà lára ògiri yàrá Sunday School, ọkọ̀ roboto tí orí àgùnfọn yọ lójú fèrèsé, irú èyí tó wà lójú páálí yìí gẹ́lẹ́. Ọjọ́ kejì, ó padà wá, pẹ́ńsùlù létí, Bíbélì lọ́wọ́. Ó ní, “Dádì, ẹ má bínú, àwòrán yìí ò bá ohun tó wà nínú Bíbélì mu. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìgbọ̀nwọ́ ta ni ká lò?”

A ní kó ṣe bí àwòrán ṣe wí. Ọjọ́ ti sún mọ́lé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà ìbéèrè àti ìdáhùn, ó tún gbọ́wọ́ sókè, ó bi wá lójú gbogbo ìjọ. A dá a lóhùn láti orí pẹpẹ. A ní àwọn kan wà tí ìbéèrè wọn pọ̀ ju ìgbàgbọ́ wọn lọ, pé Nóà ò bi Ọlọ́run pé ìgbọ̀nwọ́ ta ni. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Bọ̀dá yìí jókòó. Ó kan ọkọ̀ náà bí àwòrán ṣe wí, ó gbé e wá, kò gba owó iṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ò rí i mọ́. Ẹni tó bá bi wá, a máa ń sọ pé ó ti padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ tí a ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní Mummy pàápàá. A ò mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Dípúlómà wa wà lára ògiri ọ́fíìsì, a sì ti wàásù Nóà ju ìgbà ogún lọ, àmọ́ a ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bí wa nínú gan-an nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a wọn ọkọ̀ páálí yìí la tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó wá ìdáhùn. Ìgbọ̀nwọ́ jẹ́ láti ìgúnpá ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín. Ti ọba ilẹ̀ Íjíbítì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 52. Ti Jerúsálẹ́mù ńkọ́? Ihò kan wà lábẹ́ ìlú náà tí wọ́n gbẹ́ inú àpáta kí omi Gíhónì lè ṣàn wọ ìlú, iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ Ọba Hesekáyà. Ní 1880 wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí àwọn tó gbẹ́ ẹ fín sára ògiri rẹ̀, pé omi náà ṣàn ní 1,200 ìgbọ̀nwọ́. Ihò ọ̀hún ṣì wà, ó gùn tó nǹkan bíi mítà 533. Ẹ fi 1,200 pín in, ẹ ó rí i pé ìgbọ̀nwọ́ tiwọn ò ju sẹ̀ǹtímítà 44 àti díẹ̀ lọ. Àwọn tó kan ọkọ̀ Nóà ńlá sí Kentucky ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 2016, yan ìgbọ̀nwọ́ tó gùn, tiwọn fi jẹ́ 510 ẹsẹ̀ bàtà. Tí a bá lo sẹ̀ǹtímítà 45, mítà 135 ni, ó ṣì gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ìbéèrè gidi ni bọ̀dá yìí bi wá. Ìbéèrè oníṣẹ́ ni.

Ọjọ́ kẹta a gbé egungun ọkọ̀ náà sínú mọ́tò, a gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àyà wa ń já. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ káàbọ̀.” Kò pè wá ní Dádì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé àga wá, ó ní ṣé a máa mu gààrí.

A gbé ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ó yí i, ó fìka kàn án kò kò kò. Ó ní, “Ta ló kan agbada àkàrà yìí?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Gíga rẹ̀ ju ìbú rẹ̀ lọ. Ìjì kan péré, ó ti dojú dé. Ẹ ò rí ọkọ̀ àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ni, bó ṣe gùn tó sì lẹ̀ mọ́ omi?”

A ní, “Bọ̀dá, ìbéèrè tí ẹ bi wá lọ́jọ́sí, a ò mọ ìdáhùn rẹ̀. A fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ kí àwọn ènìyàn má baà mọ̀ pé a ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá.” A dọ̀bálẹ̀. Ó ní ká dìde, ká dìde, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun má wo Pásítọ̀ báyẹn.

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló fa téèpù yọ, ó wọn ọwọ́ ara rẹ̀: 46. Ó wọn tiwa: 49. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Sẹ̀ǹtímítà 3 lọ́nà 300, mítà 9 nìyẹn. Tí mo bá lo tèmi, tí ọmọ iṣẹ́ lo tiẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní wọ férémù láéláé. Mi ò bá Ọlọ́run jiyàn. Ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ fi wọ̀n, mo kàn fẹ́ mọ ọwọ́ tani.”

A ò rí nǹkan kan fèsì.

Egungun kọrọdọ yẹn kò ṣe é tọ́, gbogbo rẹ̀ la tú. Pákó pẹlẹbẹ inú páálí la tún lò, ṣùgbọ́n bọ̀dá fi àjákù igi ọ̀gánwó gé egungun tuntun, tó tọ́ gbọnrangandan. Ìgbọ̀nwọ́ kan jẹ́ mìlímítà kan àti ààbọ̀. Àjà mẹ́ta. Ojú ìmọ́lẹ̀ lókè. Àwọn ọmọ Sunday School fi igi ìṣáná ṣe ènìyàn mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ga tó èékánná. A fi kóltà kùn ún nínú àti lóde, Mummy sì lé wa jáde nílé nítorí òórùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a gun orí pẹpẹ kan náà, a sọ ohun tí a sọ ní 2011 àti ìdí tí a fi sọ ọ́. Àgbà ìjọ kan pè wá sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu olórí. A gbọ́, ṣùgbọ́n gbangba la ti bà á jẹ́.

Ẹ má bi wá bóyá bọ̀dá ti padà sí ìjọ wa. Kò padà. Ìjọ mìíràn ló ń lọ láti ọdún yìí wá, áṣà ni níbẹ̀, kò fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ rí fún ọjọ́ kan. Ó ní ibẹ̀ lòun máa wà, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nìkan ló kù báyìí. Bọ̀dá ní kò sí íńjìsì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà, òun máa fi awọ gé e. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, lẹ́yìn tóun bá ti kúrò níbi ìnáwó kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Mummy ti ní òun máa se ìkọ́kọrẹ́.