Ibi Tí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà Wà

Kí ilé tó kún Mowe báyìí, bí a bá pàdé ọkùnrin tó gbé ìbọn kọ́ èjìká lọ́nà oko Ọ̀fàdà ní kùtùkùtù, ẹ̀rù kì í bà wá. A ó yà fún un ni, a ó ní, "Àrìnpa o!" Òun náà á dáhùn pé Ògún á gbè wá. Bí àpò rẹ̀ bá wú, àwọn ìyá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní iye tí yóò ta ọ̀yà.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó bí bàbá mi. Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìbọn rẹ̀ máa ń wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ṣakabùlà ni, èyí tí wọ́n ń gba ẹnu ki ẹ̀tù sí. Irin rẹ̀ gùn jù mí lọ nígbà náà. Igi ni ìdí rẹ̀, wọ́n to ìṣó idẹ mọ́ ọn lára, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì ti jẹ wọnú, ó ń dán. Ibẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà máa ń wà bó bá ń wo ẹran. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ nìkan kọ́ ló gbẹ́ igi yẹn. Ti bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ìbọn náà wà ní ẹnubodè Aró lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851, nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì wá gbógun ti Abẹ́òkúta. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Agbo ilé Ẹ̀gbá mélòó ni kò ní ìbọn tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, tàbí tí wọ́n ní ara èyí tí gbajúgbajà oníṣòwò nì, Ẹfúnróyè Tinúbú, kó fún àwọn jagunjagun ni? Ohun tó dá mi lójú ni pé bí àgbà kan bá fẹ́ sọ ìtàn náà nílé wa, yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wo ògiri.

A mọ bí a ṣe ń fi ìbọn sinmi nígbà náà. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ọdẹ á péjọ, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé mọ́jú, wọ́n á ṣe ìṣípà, wọ́n á ru ohun èlò ọdẹ rẹ̀ wọ igbó kí òkú àti alààyè lè pínyà. Ìbọn tó bá ṣì dára, ọmọ ló ni ín. Èyí tó bá ti gbó, tí ìpẹtà ti dí i lẹ́nu, ojú Ògún ni yóò lọ bá àwọn irin yòókù. Kò ní dún mọ́, àmọ́ kò kúrò nílé, epo ọdún Ògún sì ń kàn án.

Láti 1959 ni òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti wà. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ṣakabùlà sì wà nínú ìkẹta, ìwé àṣẹ sì ni kí olóhun gbà. Ní abúlé wa, ta ló gbọ́? Gbólóhùn kan wà nínú òfin náà tó ṣì ń dùn mí títí di òní: ẹ̀yà ara ìbọn èyíkéyìí, ìbọn ni. Gbólóhùn náà kò bi ìbọn léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Òfin ìdigunjalè ti 1984 wá dé, ó ní ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò níwèé mọ́ lọ́wọ́ yóò san náírà 20,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Orí rédíò ni bàbá mi ti gbọ́ ọ.

Bàbá àgbà ti kú nígbà náà. Bàbá mi kì í ṣe ọdẹ. Olùkọ́ ni, ọmọ márùn-ún ló sì ń tọ́. Ó fi ìbọn náà sáàárín ìdì ìrèké kan, ó fi okùn yí i ká, èmi àti ẹ̀ sì gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kan tó jẹ́ ìbátan wa ní Ifọ̀. Alágbẹ̀dẹ náà kò fọwọ́ kan irin yẹn títí bàbá mi fi ra obì àti epo. Ó da obì, ó bẹ Ògún, kó tó ti ẹnu ìbọn bọ iná. Ọkọ́ kan àti àdá kan ló rọ jáde nínú rẹ̀. Nínú ìbọn náà fúnra rẹ̀, ìdí igi nìkan la gbé padà. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ lọ́nà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo ìṣó méjì tó ṣẹ́ kù lára ògiri.

Mi ò bá òfin jà. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló sọ Mowe di ìlú, ẹni tó bá sì ń gbé ibẹ̀ lónìí mọ ohun tí ìró ìbọn lóru túmọ̀ sí. Èmi náà ń ti géètì mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀, nígbà tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, Ibrahim Idris, fún àwọn tó ní ìbọn láìgbàṣẹ ní ọjọ́ 21 láti kó o sílẹ̀ ní 2018, bàbá arúgbó kan ládùúgbò wa ju ti ilé wọn sínú kànga àtijọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ òun má baà ṣẹ̀wọ̀n nítorí òkú irin.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kó wá sí etíkun wa, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ti wà níbẹ̀ láti 1813. Ilé yẹn kan náà, àti ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ló ń lu òǹtẹ̀ sára ìbọn tí wọ́n bá ti pa lẹ́nu mọ́ lábẹ́ òfin 1988 wọn. Wọ́n á jó irin dí i nínú, wọ́n á fún olóhun níwèé ẹ̀rí, ó ti di ohun ìrántí. Ṣakabùlà ò tilẹ̀ ní dé ibẹ̀, nítorí òfin 1968 wọn gbà kí ènìyàn fi ìbọn àtijọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ọmọ Mowe tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè gbé irú ìbọn bàbá àgbà kọ́ pálọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, láti ìgbà tí àwọn apániláyà ti fi ìbọn tí wọ́n tà ní Slovakia bí òkú ìbọn pa ènìyàn ní Paris, ní oṣù Kìíní 2015, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti le sí i, àwọn tó ń kó ìbọn ìtàn jọ sì ń ráhùn pé irin tí wọ́n ń jó mọ́ ọn ń ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Ìráhùn wọn yé mi. Àmọ́ ìbọn wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Àwa náà ní òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀: kí ibì kan wà, ní Abẹ́òkúta bí ó bá ṣeé ṣe, tí arúgbó lè gbé ìbọn ìran rẹ̀ lọ lọ́sàn-án gangan láìfi ìrèké bò ó, kí wọ́n dí i lẹ́nu lójú rẹ̀, kí ó sì gbé e padà sílé tòun tìwé.

A ti ta ilẹ̀ oko wa fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọkọ́ ti jẹ tán kó tó dìgbà náà, n kò sì mọ ẹni tó mú àdá. Ìdí igi ló kù, ó wà ní pálọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi gbé e sọ̀kalẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó gbé e lé èjìká, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ibi tó jẹ wọnú yẹn, ó bá a mu rẹ́gí. Ó di ojú kan. Ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó yíjú sí mi.

"Dádì, kí ni wọ́n ń wò níbí?"