Ọwọ́ Tí Ó Ń Kọ́ṣẹ́ Lẹ́ẹ̀kejì

Àrùn rọpárọsẹ̀ a máa yí ìgbé ayé ilé padà láàárín ọjọ́ kan. Ọwọ́ tí ó ń fọṣọ, tí ó ń kawó, á kàn wà lórí itan bí ẹrù tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ìyàwó á máa bá ọkọ de bọ́tìnì, ọmọ á máa gbé ife omi sí bàbá lẹ́nu. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ìbéèrè kan ni gbogbo ilé ń rò tí wọn kì í fẹ́ sọ síta: ṣé ọwọ́ yìí ṣì lè ṣiṣẹ́?

Kì í ṣe ọwọ́ gan-an ni ó ń ṣàìsàn. Inú ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ kò ti dé ibi kan mọ́, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́. Apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún sì ń darí ọwọ́ òsì. Apá méjèèjì a máa dá ara wọn dúró níwọ̀nba. Àwọn onímọ̀ kan wòye pé bí ọ̀kan bá fara pa, èkejì lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọdún 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ kan jáde. Wáyà tí wọ́n ká bí òrùka ni wọ́n ń gbé sí orí ènìyàn. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá wàrà, agbára òòfà á gba agbárí wọlé láìsí pé a la orí, ìka ọwọ́ á sì ta pọ́ún. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí òòfà náà bá ń lù ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sábà máa ń dẹ ọpọlọ lára. Bí ó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń ta á jí. Ìrètí ńlá nìyẹn: bí a bá dẹ apá tó le lára, bóyá apá tó fara pa á lè gbérí.

Wọ́n dán ìrètí náà wò ní Amẹ́ríkà, ní ibùdó 12, lára ènìyàn 199 tí àrùn náà ti kọlù láti oṣù mẹ́ta sí ọdún kan. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ìdánrawò. Àwọn kan gba òòfà gidi, àwọn yòókù gba ayédèrú. Èsì jáde ní 2018: nínú ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ ẹni 67 sàn dáadáa sí i nínú àwọn tó gba òòfà gidi, nínú àwọn tó gba ayédèrú, ẹni 65 ni. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ tún èsì náà wò. Nínú ẹni mẹ́ta, ọwọ́ ẹni bíi méjì ni ó sàn sí i, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tí ilé mìíràn á ti sọ pé ó ti parí. Ilẹ̀kùn kì í yára tì tó bí a ṣe rò.

Ìwádìí lórí òòfà ṣì ń lọ, kò sì yẹ kí a fi ṣẹ̀sín. Àmọ́ kí ẹbí tó ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀rọ, ó yẹ kí wọ́n bi dókítà léèrè ohun tí ó ń retí gan-an. Ẹni tí irin wà nínú orí rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tí wárápá ń ṣe, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú.

Ohun tí ó ṣòro jù nínú ilé ni ìfẹ́ tí kì í jẹ́ kí aláìsàn ṣe nǹkan kan. Bí a bá ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀, ta ni yóò rán ọwọ́ náà níṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí ó ṣa ẹ̀wà, kí ó ká aṣọ ìnura, kí ó di ife mú, bí olùtọ́jú rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Yóò pẹ́, omi yóò dà sílẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.