Kúrúnà Kì í Mú Ọmọ Nìkan

Bí ibà bá mú èèyàn, aládùúgbò á bá a kẹ́dùn. Bí kúrúnà bá mú un, wọ́n á ní ọ̀bùn ni. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò tó ń fà á ò bèèrè ẹni tó wẹ̀ àti ẹni tí ò wẹ̀. Abo rẹ̀ á gbẹ́ ihò tín-ín-rín sínú awọ, á yé ẹyin síbẹ̀. Ìfarakanra ló ń gbé e kiri, ọmọ ọwọ́ kì í sì í kúrò lára èèyàn: bí ìyá bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n á gbé e, Màmá á gbà á pọ̀n.

Ọmọ wa ò ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà tí nǹkan sú sí i lára. Oníkẹ́mísì kan ní ooru ni, ó ta ìpara fún wa. Ara náà rọlẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, ó tún padà, ó wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè mú kí yíyún dínkù, àmọ́ kì í pa kòkòrò.

Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó wo abíyá, orí àti ẹ̀yìn etí. Kúrúnà àgbà kì í sábà dé ojú àti orí. Ti ọmọ ọwọ́ ń débẹ̀. Ooru máa ń rọlẹ̀ tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ọmọ. Kúrúnà, òru ló máa ń le jù.

Ó wá gbójú sókè: "Ẹ̀yin àgbà ńkọ́? Ara ta ló ń yún lálẹ́?"

Ilé dákẹ́. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mi. Ọ̀yẹ́ ni mo pè é." Ìgbà yẹn ni gbogbo wa ń na ọwọ́ wa síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn gan-an ló fi dá òun lójú.

Ìpara permethrin 5% ni wọ́n fún wa. A fi pa ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, a yẹra fún ojú tó fi ń ríran àti ẹnu, a wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó má baà lá a, a wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, a tún un ṣe. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 2 ní ìpara tiẹ̀, tó ní imí ọjọ́ nínú; dókítà ni kó sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Izal, kì í ṣe kẹrosíìnì.

Alẹ́ kan náà ni gbogbo ilé pa á, àti ẹni tára rẹ̀ ò yún, torí ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí yíyún tó bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí ò ní in rí. A fi omi gbígbóná fọ aṣọ, a sá a sóòrùn. Èyí tí ò ṣeé fọ̀, a dì í sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan. Yíyún ò tán lọ́jọ́ kejì. Ó lè ṣẹ́kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ bí ojú egbò bá ń ṣọyún, tí ara ọmọ gbóná, tí kò mu ọmú, ilé ìwòsàn ni kíákíá.

Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka kúrúnà mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Ìtìjú wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n pa á tì. Màmá ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ní àgbàlá wa. Ó kan ilẹ̀kùn gbogbo ẹni tó ti gbé ọmọ náà rí: "Kúrúnà ló mú wa o. Ẹ yẹ ara yín wò."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyá kan la àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tiẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wo èyí."