Kí Ni Wọ́n Kọ́ Sí Wa Lọ́rùn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mélòó nínú wa ni kò san owó fanákúlà rí? Nílé ìwé girama tí mo lọ, mọ́nítọ̀ ló ń kọ orúkọ. Náírà mẹ́wàá ni tẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, ẹni tí ò bá sì lówó á kúnlẹ̀. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù o. Tíṣà tó ń gbà á lọ́wọ́ wa, Yorùbá ló fi ń bú wa!

Ìgbà tí mo ka Decolonising the Mind ni mo mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan. Ngũgĩ wa Thiong'o, ọmọ Kẹ́nyà, ló kọ ọ́. Àròkọ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ọdún 1986 ló jáde. Ngũgĩ ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹni tó bá sọ èdè Gĩkũyũ ní sàkáání ilé ìwé á jẹgba, tàbí kí wọ́n fi páànù kọ́ ọ lọ́rùn, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òmùgọ̀ lòun. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú wọn? Wọ́n á fún ọmọ kan ní bọ́tìnnì láàárọ̀, ẹni tó bá gbọ́ èdè abínibí lẹ́nu ẹ̀ ló máa fà á fún. Nírọ̀lẹ́, ẹni tí bọ́tìnnì bá kù sí lọ́wọ́ á ka orúkọ ẹni tó fún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí gbogbo ọ̀daràn á fi jáde. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni pé kó máa ṣọ́ ọmọ ìyá ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1962, àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà pé jọ sí Makerere ní Uganda. Ngũgĩ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ìtàn kéékèèké díẹ̀ ló tíì tẹ̀ jáde, síbẹ̀ wọ́n pè é. Fágúnwà tó ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde láti 1938 kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pè. Kí ló ṣe? Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ìpàdé àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ni tiwọn. Ngũgĩ fúnra ẹ̀ ló tọ́ka sí i.

Àwọn kan á ní, "Ta ló máa ra ìwé Yorùbá?" Òótọ́ ni pé ọjà rẹ̀ ò yá. Achebe náà ní Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ẹrù òun, kò sì parọ́. Ngũgĩ pàápàá máa ń tú ìwé ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fáwọn ará ilé ẹ̀ ná.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ ìmọ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti dán an wò ní Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an!

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì. Ní oṣù karùn-ún 2025, Ngũgĩ kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba wọ́gi lé òfin ọ̀hún, wọ́n ní òun ló ń jẹ́ káwọn ọmọ máa fèèlì ìdánwò. Ẹni tó bá ní ìwé Ngũgĩ ti di ti àtijọ́, kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Bí èdè wa ò bá lágbára, kí ló ba ìjọba Kẹ́nyà lẹ́rù? Ní 1977, Ngũgĩ àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ kọ eré Ngaahika Ndeenda ní Gĩkũyũ, àwọn àgbẹ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ Kamĩrĩĩthũ ló sì ṣe é. Ìjọba fòfin dè é. Nígbà tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn, wọ́n gbé Ngũgĩ, ó di ẹ̀wọ̀n Kamiti. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti fi tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ odindi ìwé ìtàn ní èdè ìyá ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, tíṣù kọ́ lẹ ní lọ́wọ́. Bébà fọ́tòkọ́pì wà. Ẹ mú ewì àti ìtàn Yorùbá yín wá.