Ọ̀rọ̀ Tó Ń Gba Boundary Kọjá

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Àpápá, kò ní orúkọ. Lónìí CLO ni wọ́n ń pè wá, ẹni tó dúró sáàárín ilé-iṣẹ́ àti àdúgbò. Nígbà náà, mẹ́sẹ́ńjà tó mọ̀wé díẹ̀ ni wọ́n kà mí sí. Ilé ìkẹ́rùsí la ní lẹ́bàá Creek Road. Ọ̀gá á kọ ìkéde lédè Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́, èmi á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu géètì. Àwọn lébírà tó ń rọ́ wọlé láti Ajégúnlẹ̀ kì í dúró kà á. Fọ́máànù ló ń fi pìjín sọ ọ́ fún wọn, èyí tí kò bá sì wu fọ́máànù, ẹnu rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀.

Ti àdúgbò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tírélà wa bá máa gba àdúgbò kan lóru, lẹ́tà ni mò ń gbé lọ fún alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n á fún mi ní mínírà, wọ́n á sì bi mí pé ta ló máa tún gọ́tà tí ọkọ̀ wa fọ́ lọ́jọ́sí ṣe. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ìlàjẹ, Úròbò, Haúsá, gbogbo wọn ló wà lójú títì kan náà l'Ájégúnlẹ̀. Ìkéde elédè kan kì í rìn jìnnà níbẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN gbé GSM dé, ṣùgbọ́n owó sim nígbà yẹn kọjá agbára lébírà. Ìgbà tí Glo dé lọ́dún 2003, tí a ń sanwó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ àwọn fọ́máànù. Lọ́dún 2006, ìjọba gbé èbúté fún àwọn aládàáni, APM Terminals sì gba ibi tí wọ́n ti ń já kọ̀ńténà ní Àpápá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ èbúté ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àhesọ tó gba Boundary l'Ájégúnlẹ̀ kọjá láàárín ìgbà yẹn, kò sí pátákó tó lè dá a lóhùn.

BBM tó tẹ̀lé e kò ràn wá lọ́wọ́. Mánéjà ní BlackBerry, fọ́máànù kò ní, torí náà ohun tí wọ́n ti ń fi ṣàwàdà lókè láàárọ̀, ìsàlẹ̀ kò ní gbọ́ títí di ọ̀sán. Tecno olówó pọ́ọ́kú àti WhatsApp ló já àjà náà.

Ọdún 2014 ni mo rí agbára WhatsApp, ibi tó burú ni mo sì ti rí i. Ẹnìkan fi ránṣẹ́ pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, kí Ebola má baà ràn wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kárí Èkó. Ọ̀gá ní kí n fi ìkìlọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò kà á. Mo wá bẹ nọ́ọ̀sì wa kó sọ ọ́ sínú voice note, lédè Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní pìjín. Ìyẹn ni wọ́n ń gbé kiri, àní ìyá kan ní ọjà Boundary gbé e sí mi létí bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí!

Lọ́dún 2018, WhatsApp jẹ́ kí admin nìkan lè máa sọ̀rọ̀ nínú gúrúpù. Inú àwọn ọ̀gá dùn. Wọ́n ní ariwo ti tó. A ti gúrúpù ilé-iṣẹ́ wa pa. Àwọn lébírà kò jà, wọ́n kàn dá gúrúpù tiwọn sílẹ̀ láìsí ọ̀gá nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó àfikún iṣẹ́ ti hó títí wọ́n fi ti géètì mọ́ wa. Èmi ò rí ìwúlò gúrúpù tí ẹnikẹ́ni ò lè fèsì nínú rẹ̀. Pátákó ni, a kàn fi bátìrì sí i ni. Àwọn ọ̀gá ṣí gúrúpù wa padà lẹ́yìn náà. Títà léèsì, àdúrà àárọ̀, èébú Arsenal, mo fàyè gbà wọ́n, nítorí láàárín wọn ni irú èyí máa ń wà, láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tajà lẹ́nu géètì wa, tí fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀:

“Bùọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ fáwọn ọmọ yín kí wọ́n má gba Wilmer o. Kọ̀ńténà kan ti ṣubú, kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ gan-an ò rọ́nà. Ta ni yóò wá ra ìrẹsì mi báyìí?”

Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni NPA, àjọ èbúté, gbé Eto kalẹ̀, kí tírélà máa dúró ní páàkì títí wọ́n á fi pè é lórí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ohùn obìnrin yìí làwọn dírébà wa kọ́kọ́ ń gbọ́. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún náà tí Facebook àti WhatsApp kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, mo fẹsẹ̀ mi rin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

Ní báyìí, ọ́fíìsì fẹ́ kó gbogbo wa lọ sórí Teams. Ó dára fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Mo kọ̀wé béèrè iye dátà tí wọ́n máa rà fún lébírà kọ̀ọ̀kan lóṣù, àti bóyá wọ́n á jẹ́ kí oníìrẹsì wọlé.