Àkàrà Ọya ní Bahia, Àkàrà Ọya ní Lákọ̀wé

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa lásìkò yìí, láti Ajah títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Lákọ̀wé níbí. Wọ́n á ní, "Bràsíl ni òrìṣà ti níyì. Ní Nàìjíríà, ìtìjú ni." Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí i: àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun báláú, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, tí wọ́n ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja létí òkun ní Salvador, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún. Gbogbo ìlú a tú jáde.

Apá kan ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́. Apá tó kù ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí ó kan ilé mi, ó sì lè kan ilé tiyín.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí òrìṣà ṣe dé ọ̀hún. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun ń kó àwọn ará Kétu àti Ẹ̀gbá, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bahia, láti lọ ṣẹrú. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. 1888 ni Bràsíl tó fòpin sí oko ẹrú. Àwọn tó rí ọ̀nà padà wálé ló dó sí Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n mú iṣẹ́ ọ̀mọ̀lé bọ̀, wọ́n mú ẹ̀wà frejon tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Títí dòní, ìjọ Àgùdà là ń pe ìjọ Kátólíìkì, nítorí tiwọn.

Àwọn tí kò padà wálé kọ́ ilé òrìṣà sí ibi tí wọ́n wà. Ọ̀kan nínú èyí tó pẹ́ jù ní Salvador ni èyí tí wọ́n ń kọ báyìí: Ilê Axé Iyá Nassô Oká. Ẹ kà á sókè, Yorùbá ni. Ẹni tó bá mọ ààfin Ọ̀yọ́ á mọ̀ pé Ìyá Nàsó ni ìyá tó ń mójú tó Ṣàngó Aláàfin. Ní 1984, ìjọba àpapọ̀ Bràsíl kọ ilé yìí mọ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè wọn. Òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀.

Ní 2005, wọ́n tún kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń din àkàrà ní Bahia mọ́ ọn. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà náà. Ẹ̀wà lílọ̀, àlùbọ́sà, iyọ̀, epo pupa tó gbóná dáadáa. Ìyá alákàrà tó wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù wa ní Lákọ̀wé á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ Ọya ni, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Bràsíl bá ń fi ara rẹ̀ han àlejò, obìnrin aláṣọ funfun tó jókòó ti agbada àkàrà wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ohun tí wọ́n kó wa lẹ́rú lọ bá dé ibẹ̀ ló wá di ojú ìlú wọn.

Ṣùgbọ́n ọlá yẹn pẹ́ kó tó dé, kò sì tíì dé tán. Ní Bahia yẹn kan náà, títí di 1976, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó lè ṣọdún. Ní Rio de Janeiro, ọlọ́pàá kó ìlù àti ohun òrìṣà lọ bí ẹrù olè. 2020 ni wọ́n tó yọ̀ǹda wọn fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní oṣù kìíní 2000, ìyálórìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Mãe Gilda kú ní Salvador, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ìjọ kan ti gbé àwòrán rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àbùkù, tí àwọn kan sì lọ kọlù ú nílé òrìṣà rẹ̀. Ọjọ́ ikú rẹ̀, 21 oṣù kìíní, ni òfin Bràsíl yàn ní 2007 fún gbígbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn. Àwọn kan tó ti lọ sí ìjọ tuntun sì ń din àkàrà kan náà, àmọ́ "àkàrà Jésù" ni wọ́n ń pè é. Àkàrà ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ẹni tó ni ín.

Ibi tó ti kan ilé mi nìyí. Lọ́dún tó kọjá, iléèwé ọmọ mi obìnrin fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Níbi ẹ̀sìn, àpótí méjì péré ló wà: Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ọmọ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n kúkú fàlà sí Kìrìsìtẹ́nì, kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní Bràsíl la wà ni, mi ò bá kọ Ọya síbẹ̀." Mo ní kó jókòó. Mo sọ ìtàn Mãe Gilda fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Ṣé kò wá síbi tó rọrùn ni?" Mo ní kò sí.

Bàbá rẹ̀ fi bírò fa àpótí kẹta, ó kọ ÌṢẸ̀ṢE sínú rẹ̀. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Ó gbé e lọ fúnra rẹ̀, wọ́n gbà á. Ṣé ọ̀rọ̀ wá tán? Kò tán. Wọ́n ṣì ń pe ọmọ mi ní "ọmọ Ọya" ní kíláàsì bí ẹni ń bú èèyàn. Bẹ́ẹ̀ Sangotedo lọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, orúkọ Ṣàngó ò sì há wọn lọ́fun.

Ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 2023. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ò lè kọ́ ọmọ ní oríkì. Ní Bahia, kì í ṣe ìjọba ló pa òrìṣà mọ́. Ilé ni, àwọn ìyá ni. Ní 1910, tí ọlọ́pàá ṣì ń dààmú wọn, ni Mãe Aninha dá Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ fún Ṣàngó. Lónìí, iléèwé àwọn ọmọdé wà nínú ọgbà ilé náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni Martiniano do Bonfim, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Èkó wa níbí ni bàbá rẹ̀ mú un wá ní 1875, ó lo bí ọdún mọ́kànlá, ó kọ́ èdè, ó kọ́ Ifá, ó sì kó o padà lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá kọ́ ọ o! Àwọn ọmọ Èkó ló wá ń wo Bahia lórí fóònù báyìí.

Ọ̀pọ̀ wọn lọ́hùn-ún ń kọrin òrìṣà ní Yorùbá di àfẹ̀mọ́júmọ́, wọn ò sì lè fi Yorùbá béèrè omi. Àwa lè fi Yorùbá béèrè ohunkóhun, orin ni àwọn ọmọ wa ò mọ̀. Èwo ló rọrùn láti tún ṣe? Tiwa ni, torí èdè ṣì wà lẹ́nu wa, àwọn ìyá àgbà sì ṣì wà láàyè.

Nílé wa, gbogbo Jàkúta la ń din àkàrà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ọmọ á ki Ọya, á sì sọ ìtumọ̀ ohun tó kì. Ìlà mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní ogún báyìí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà ti ń gbè é lẹ́nu.

Kí ìwé wa tó tún jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè orin kan lọ́wọ́ àgbà ilé yín, kí ẹ fi kọ́ ọmọ kan, tòun ti ìtumọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ̀ṣe á gbè wá o. Àṣẹ.