Ìlẹ̀kùn Ìjàpá Bàbá Mi

Fóòkísì Ìjàpá ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní 1975. Mo tún un ṣe ní Ìkòròdú, mo kùn ún lọ́dà, kí n lè fi gbé ìyá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kọ̀, kò wọlé: àlàfo gba ìka lókè, nísàlẹ̀ ó ń ha irin. Ọmọ iṣẹ́ gbé òòlù. Mo jágbe mọ́ ọn. (Ojú tì mí lẹ́yìn náà.)

Ọ̀gá rẹ̀, bàbá arúgbó kan, na ọwọ́ sábẹ́ mọ́tò. Irin ìsàlẹ̀ ti dógùn-ún, omi òjò ti jẹ ẹ́ tán.

"Tíṣà, ìlẹ̀kùn kọ́ ló wọ́. Ilé rẹ̀ ló rọ̀."

Ó fi jáàkì gbé e títí àlàfo fi dọ́gba yíká, kí ó tó jó irin titun mọ́ ọn. Kò fún nọ́ọ̀tì kankan le títí ohun gbogbo fi bára mu. Mọ́gáàdì ló dè kẹ́yìn, pẹ̀lú rọ́bà láàárín. Ọ̀dà mi àkọ́kọ́ ṣòfò. Owó oṣù kan tún wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ tí a dé Ẹ̀pẹ́, ìyá mi ti ìlẹ̀kùn náà, ó dúró, ó tún ṣí i, ó tún tì í.

"Bí bàbá rẹ ṣe máa ń wọlé dé nìyẹn," ló wí.